Àyè fún Ọwọ́

Nílé Bàbá Sùnmọ́nù ní Pápá Àjàó, ohun tuntun kì í tètè bọ́ ọ̀rá. Fíríìjì tí wọ́n rà nígbà tí ìyá Haleemah ṣì wà láyé, ọ̀rá wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ títí ọ̀rá náà fi pọ́n bí omi tíì, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já fúnra rẹ̀. Àga tí Mùktárù aládùúgbò wọn bá wọn kàn, orí ọ̀rá ni àlejò ń jókòó sí. Bí ooru bá mú, ọ̀rá á lẹ̀ mọ́ni nítan, tí èèyàn bá fẹ́ dìde, á dún bí ẹni fa aṣọ ya. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí i. Ohun tó bá ṣì wà nínú ọ̀rá, tuntun ni. Ohun tó bá ti bọ́ ọ sílẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbó nìyẹn.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Fúnlọ́lá gbé ẹ̀rọ èémí wá láti Yaba, tó bọ́ ọ̀rá kúrò níbi bọ́tìnnì àti níbi tí okùn èémí ti ń jáde, tó sì fẹ́ máa fa ìyókù ya, Haleemah di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àǹtí Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Àwa fúnra wa máa bọ́ ọ tó bá yá."

"Àǹtí Haleemah, ẹ jẹ́ kí n kúkú bọ́ ti ẹ̀gbẹ́ níbí."

"Ẹ má ṣèyọnu. Ilé ló wà."

Fúnlọ́lá rẹ́rìn-ín, ó sì fi í sílẹ̀. Ọmọdé ni lójú Haleemah, ọmọ tí òun ì bá bí ká ní òun tètè lọ́kọ, ṣùgbọ́n Fúnlọ́lá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Sábó, ní Yaba níbẹ̀, ni wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe ẹ̀rọ náà. Afẹ́fẹ́ inú ilé ló ń fà wọlé, á sẹ́ ẹ, á yọ èyí tí aláìsàn nílò nínú rẹ̀, á sì fi okùn rán an sí i nímú. Wọ́n gbé e fún Bàbá kí wọ́n lè mọ bó ṣe máa ṣe sí nínú ilé àwọn èèyàn, kì í ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù nìkan. Fúnlọ́lá fi ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà han Haleemah. Ó ní, "Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ẹ ṣí i, ẹ fọ fóòmù tó ń gba eruku. Gbogbo ohun tó bá ní àwọ̀ ewé níbẹ̀, tiyín ni. Èyí tó bá ní àwọ̀ eérú, ẹ fi sílẹ̀ fún wa."

Haleemah ní òun ti gbọ́. Etí rẹ̀ gbọ́ lóòótọ́, àyà rẹ̀ ni kò gbà.

Àyà rẹ̀ kò gbà nítorí ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́kọ́ lò. Òkè òkun ni ìyẹn ti wá. Nígbà tó dákẹ́, ọkùnrin kan wá tún un ṣe. Ó tú súkúrù títí súkúrù fi kún àwo ìmùkọ. Fóòmù kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló ń wá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn gbogbo nǹkan ni wọ́n tọ́jú fóòmù náà sí, kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní láti tú gbogbo ìfun ẹ̀rọ náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó dà á padà tán, súkúrù ṣẹ́ kù nínú àwo. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ yẹn kò ti mí dáadáa mọ́. Kí ọkùnrin náà tó lọ, ó na ìka sí Haleemah, ó ní, "Màdáámù, ẹ má fọwọ́ kan inú rẹ̀ láé o. Kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ."

Ẹ̀rọ ìránṣọ sì ni iṣẹ́ Haleemah. Kọ́tìnì ló ń rán, aṣọ ojú fèrèsé olóríṣiríṣi àwọ̀, inú pálọ̀ tí Bàbá ń sùn sí ló sì ti ń rán an kó lè máa rí bí àyà bàbá rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. Mẹkáníìkì ni Bàbá Sùnmọ́nù fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Eruku búrééki àti èéfín ọkọ̀ ló ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, dókítà sì ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ pẹ́ láìsí okùn èémí nímú.

Nítorí pé ẹ̀rọ náà ló ń gbé ẹ̀mí bàbá rẹ̀ ró, Haleemah bọlá fún un. Ó fi àrán aláwọ̀ aró rán aṣọ fún un, ó ṣẹ́ etí aṣọ náà ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó yọ ojú fún bọ́tìnnì, ó yọ ojú fún okùn. Àwọn obìnrin àdúgbò wá wò ó, wọ́n ní ẹ̀rọ yìí múra ju ìyàwó lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, gẹ́gẹ́ bí Fúnlọ́lá ti wí, Haleemah á bọ́ aṣọ náà, á gbọn ọ́n, á fi akísà rírọ̀ nu ọ̀rá ara ẹ̀rọ náà títí á fi máa dán, á sì tún wọ aṣọ fún un. Ìta ló ń nù. Kò dé inú.

Ọyẹ́ wá dé. Ọyẹ́ tọdún náà gbẹ, ó sì mú eruku dání, ìyẹ̀fun pákó láti ṣọ́ọ̀bù Mùktárù ń fẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé bí gààrí. Ohùn ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Haleemah gbọ́ ọ, ó ní òtútù ló mú un. Ó fa aṣọ rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ sí i kó lè bò ó dáadáa.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bó ti ń ṣẹ́ etí kọ́tìnì, ẹ̀rọ náà figbe bọnu. Igbe gígùn kan ṣoṣo tí kò dáwọ́ dúró. Iná pupa tàn lójú rẹ̀. Haleemah wo bàbá rẹ̀, ètè rẹ̀ ti ń ṣú.

Sílíńdà èémí kékeré kan wà nílẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó sáré so okùn mọ́ ọn, Bàbá sì mí. Ṣùgbọ́n Haleemah wo abẹ́rẹ́ ojú sílíńdà náà, èyí tó ń sọ bí èémí inú rẹ̀ ṣe kù tó. Nígbà tí iná lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ti lò ó, wọn kò sì tíì lọ rọ èémí sí i. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù.

Ó pe Fúnlọ́lá lórí fóònù.

"Ijora ni mo wà, Àǹtí Haleemah," ni Fúnlọ́lá wí. Ariwo fèrè tírélà fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ọkọ̀ kan dá bùú ọ̀nà lórí afárá. Iwájú ò ṣe é lọ, ẹ̀yìn ò ṣe é padà sí. Sílíńdà ńkọ́?"

"Ó ń tán lọ. Ṣé ká gbé wọn lọ sílé ìwòsàn?"

"Tó bá tán lójú ọ̀nà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ yẹn."

Ohùn igbe ẹ̀rọ ti dé ìta. Mùktárù tó ń kan àga ní ojúlé kejì ti dé ẹnu ọ̀nà, òòlù wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, súkúdíráfà wà lọ́wọ́ òsì.

"Haleemah, yẹra. Jẹ́ kí n tú u."

"Kí lo fẹ́ fi òòlù ṣe?"

"Ẹ̀rù ni mo fi ń bà á." Ó gbé etí aṣọ àrán náà sókè lẹ́yìn, ó yọjú wò ó, ó tún yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. "Súkúrù rẹ̀ dà? Àwọn èèyàn yìí gbàgbé láti fi súkúrù sí i."

Bàbá Sùnmọ́nù la ojú lórí ibùsùn. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mùktárù. Kì í. Ṣe àga."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ mí."

"Nígbà náà. Gbé òòlù. Sílẹ̀."

Mùktárù gbé òòlù sílẹ̀. Haleemah ní kó jókòó ti sílíńdà, kó máa wo abẹ́rẹ́ rẹ̀. Fúnlọ́lá tún sọ̀rọ̀ nínú fóònù.

"Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ yẹn lápá ọ̀tún. Ọwọ́ ilẹ̀kùn kan wà níbẹ̀, àwọ̀ ewé ni. Ṣé ẹ rí i?"

"Aṣọ ni mo rí."

"Aṣọ wo?"

"Mo rán aṣọ sí i."

Fèrè tírélà dún, Fúnlọ́lá sì gbé ohùn sókè. "Ó dáa. Ẹ bọ́ aṣọ náà."

Haleemah bọ́ ọ, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Abẹ́ rẹ̀ ló ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa afẹ́fẹ́, ọ̀rá náà ti fà wọnú, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí ebi ti pa lápajù. Ibi igun kan tó ti ya ló kàn ń rí mí díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tó ti ń nu ọ̀rá náà tó ń dán, imú ẹ̀rọ ló ń dì. Imú bàbá rẹ̀ ló ń dì.

"Àǹtí Haleemah?"

"Ọ̀rá ni mo fi pa á lẹ́nu dé," ni ó wí.

"Ẹ fà á ya. Gbogbo rẹ̀."

Ó fà á ya. Ọwọ́ ilẹ̀kùn náà yọ, àwọ̀ ewé bí ewé ẹ̀fọ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ lé. Ó na ọwọ́ sí i, ó sì tún fà á padà.

"Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan inú rẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọkùnrin tó tún ti àkọ́kọ́ ṣe."

"Ẹ̀rọ yẹn ni kò fẹ́ ọwọ́ yín," ni Fúnlọ́lá wí. "Èyí ń retí rẹ̀. Ẹ fà á."

Haleemah pe Bísímílà, ó sì fà á.

Ilẹ̀kùn náà kò jà. Ó ṣí láti òkè délẹ̀ bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́sẹ̀ kan náà ni igbe ẹ̀rọ dákẹ́, gbogbo iná tó lè gbé èèyàn sì kúrò nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kan pa á. Iná funfun kékeré kan wá tàn nínú lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí onílé bá gbé àtùpà síta fún àlejò. Haleemah ti múra láti rí ìfun wáyà àti irin tó lọ́ mọ́ra. Kì í ṣe ohun tó rí nìyẹn. Ilé ló rí. Ó rí bí ilé alájùmọ̀gbé ní Mushin tí gbogbo yàrá kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo, tí ẹnikẹ́ni kì í gba yàrá ẹlòmíràn kọjá kó tó dé tirẹ̀. Fóòmù wà ní yàrá rẹ̀. Fáànù wà ní yàrá rẹ̀. Kò sí èyí tó wà lẹ́yìn èkejì. Ara ohun kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ ti onílé ni ọwọ́ aláwọ̀ ewé wà, àwọn aláwọ̀ eérú sì jókòó jẹ́jẹ́ sí àyè tiwọn lẹ́yìn.

"Sùbùhánà Ọlọ́hun," ni ó wí láàárín eyín.

"Fóòmù ló wà lókè," ni Fúnlọ́lá wí. "Ẹ fà á jáde."

Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, òrùka ìránṣọ wà níka rẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ wọlé láìkan ògiri. Fóòmù náà jáde, eruku ti bò ó títí ó fi dà bí àkàrà tó jóná.

"Ó máa pẹ́ kó tó gbẹ tí mo bá fọ̀ ọ́," ni Haleemah wí. Ẹ̀rù tún ti ń bà á.

"Ẹ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí ẹ ṣí yẹn."

Ó yí i wò. Fóòmù tuntun kan wà níbẹ̀, wọ́n há a sínú àpò tirẹ̀, ibi tí ọwọ́ ẹni tó bá ń wá a máa kọ́kọ́ bá gan-an. Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà ti wọlé ló ti wà níbẹ̀ tó ń retí. Ó kì í bọ àyè rẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iná pupa di aláwọ̀ ọsàn, àyà Haleemah balẹ̀ díẹ̀, àfi bí iná náà ṣe tún padà di pupa.

"Abẹ́rẹ́ ti wọ ojú pupa o," ni Mùktárù wí nídìí sílíńdà. Kò ṣàwàdà mọ́.

Bàbá Sùnmọ́nù ti pa ojú dé. Nǹkan kékeré tó há mọ́ ìka rẹ̀, tó ń ka bí èémí ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà ojú rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀.

"Ìsàlẹ̀ fóòmù," ni Fúnlọ́lá wí, ó rọra ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. "Ọwọ́ aláwọ̀ ewé kejì. Ẹ fà á bí ẹ ṣe ń fa àpótí ara tábìlì."

Haleemah tún ṣí i, ó fà á. Fáànù jáde pẹ̀lú ìjókòó rẹ̀, ó wá bá a nínú àtẹ́lẹwọ́. Ó wò ó. Òwú ló wé mọ́ ọrùn fáànù náà, ó wé títí kò fi lè yí mọ́, Haleemah sì mọ òwú náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó pupa rúsúrúsú jẹ́ ti kọ́tìnì ìyàwó lémọ́ọ̀mù. Èyí tó funfun jẹ́ ti ilé kéwú. Èyí tó ní àwọ̀ ewé jẹ́ ti aṣọ tó wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Gbogbo èérún òwú tó ti ń já dà sílẹ̀, ẹ̀rọ náà ti ń fà á mọ́ra.

Kò dúró ronú. Ó mú àlùmọ́gàjí kékeré tí wọ́n fi ń ge òwú, ó tú òwú náà kúrò bó ṣe máa ń tú u lára ẹ̀rọ tirẹ̀. Iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ni. Ó fi ìka yí fáànù, ó yí. Ó tì í padà, ó kọ̀, kò wọlé. Ó fẹ́ fi ipá tì í.

"Ẹ má fi ipá tì í," ni Fúnlọ́lá wí. "Tó bá kọ̀, ẹ ti dojú ẹ̀ délẹ̀ ni. Kò lè gba òdì láé. Ẹ yí i padà."

Ó yí i padà. Fáànù náà wọlé bí ẹni lọ sílé rẹ̀, ó sì dún kọ́. Ó pa ilẹ̀kùn dé.

Wọ́n dúró. Iná pupa. Iná aláwọ̀ ọsàn. Mùktárù ń wo abẹ́rẹ́, Haleemah ń wo iná, kò sí ẹni tó ń wo ara wọn. Ohùn ẹ̀rọ náà wúwo lákọ̀ọ́kọ́, ó wá fúyẹ́, ó sì ń lọ geere bí omi tó rí ojú ọ̀nà. Iná náà di àwọ̀ ewé.

Haleemah yọ okùn lára sílíńdà, ó so ó padà mọ́ ẹ̀rọ. Nọ́ńbà tó wà níka Bàbá dúró sójú kan. Ó pẹ́ lójú Haleemah ju bó ṣe yẹ lọ, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ètè Bàbá Sùnmọ́nù padà pọ́n. Ó la ojú, ó wo Mùktárù.

"O ṣì wà níbí?" ni ó wí láìdúró mí sí àárín ọ̀rọ̀. "Àga àwọn èèyàn ńkọ́?"

Mùktárù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó mú òòlù rẹ̀, ó ní eruku ọyẹ́ ló wọ òun lójú.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni Fúnlọ́lá tó dé, eruku Ijora ti bo bàtà rẹ̀, sílíńdà tuntun wà ní èjìká rẹ̀. Ó kí Bàbá lórí ìkúnlẹ̀. Haleemah ti ń múra sílẹ̀ de ìbáwí láti àárọ̀. Ó kó òwú tó gé kúrò náà wá fún un nínú àtẹ́lẹwọ́.

"Òwú mi ni. Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Bàbá."

Fúnlọ́lá gba òwú náà. Ó dojúbolẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, ó fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀. "A ò ronú pé ẹnì kan máa rán aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀," ni ó wí. "Ó yẹ kí àwọ̀n wà níbí. A máa fi sí gbogbo èyí tó kù."

"Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tiyín. Mo ní òwú mi ni."

"Ilé yín ni òwú yín wà, Àǹtí Haleemah. Ẹ̀rọ ló wá bá a níbẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rá. Èmi ló yẹ kí n bọ́ ọ."

Haleemah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ láti àárọ̀ tí kò mọ bó ṣe máa sọ ọ́. "Báwo lẹ ṣe mọ bí ọwọ́ mi ṣe rí? Ẹ ò mọ̀ mí nígbà tí ẹ ń ṣe é."

"A ò mọ̀ yín. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ẹnì kan máa wà. A pe ìyá tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì wa, a pe awakọ̀, a pe obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n. A ní kí wọ́n ṣí i. A pa iná, a ní kí wọ́n tún ṣí i. A fi ọṣẹ sí wọn lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá ti lè ti nǹkan kan wọ inú rẹ̀ lódì, a ò ní sọ fún un pé ó ṣìṣe. Ẹ̀rọ la máa bá wí. A máa tú u, a máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Haleemah ń rò ó pé ẹnì kan jókòó sí Yaba, ó ń ronú lórí ọwọ́ tí kò rí rí, lórí ọjọ́ ìpayà tí òun alára kò ní sí níbẹ̀, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ọwọ́ náà kó lè wọlé kó sì jáde. Ó mọ èèyàn tó ń fúnni lóúnjẹ, ó mọ èèyàn tó ń ṣàdúrà fúnni. Irú oore yìí, kò tíì rí i rí.

"Ẹ gbé mi súnmọ́ ọn," ni Bàbá Sùnmọ́nù wí.

Wọ́n so okùn rẹ̀ mọ́ sílíńdà tuntun, wọ́n fi ìrọ̀rí gbé e jókòó nídìí ẹ̀rọ. Ó ní kí Haleemah ṣí i. Nígbà tí iná funfun náà tàn nínú, Bàbá tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Àpá ló wà níbẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbúnwọ́, òmíràn gùn, òmíràn rí roboto níbi tí irin gbígbóná ti jó o.

"Ọmọ mi, wo èyí," ni ó wí fún Fúnlọ́lá. "Gílóòbù iwájú ọkọ̀ kan báyìí ni. Gílóòbù lásán o. Kí o tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, o ní láti fi apá gba àárín irin méjì tó ń bínú síra wọn. Èyí, béèlítì ni. Èyí, mo ti gbàgbé. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń bi ara mi pé àwọn tó ṣe ọkọ̀ wọ̀nyí, ṣé wọn ò lọ́wọ́ ni?"

Bàbá Sùnmọ́nù na apá tó ní àpá náà, ó rọra tì í bọ inú ẹ̀rọ náà, títí ó fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí fáànù wà. Ó yí ọwọ́ síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó yọ ọ́ jáde, ó dojú rẹ̀ sókè, ó sì yẹ ẹ̀yìn ọwọ́ náà wò lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Kò họ mí lára," ni ó wí.

Òun fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn náà padà. Haleemah gbé okùn kúrò lára sílíńdà, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ, iná aláwọ̀ ewé sì tàn. Bàbá fi orí ti ara ẹ̀rọ náà, ó pa ojú dé, ó ń fetí sí i bó ṣe máa ń fetí sí ọkọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe tán, Haleemah sì ń wo àyà rẹ̀ tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nílẹ̀, láìyára, láìdúró.